Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Kọ́míìsì Ìfẹ́ Fún Àwọn Ọ̀dọ́, Látorí Bébà Títí Dé Ọ̀dọ̀ Atẹ̀wé

Ẹni tó bá fẹ́ ya kọ́míìsì, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán, tó dá lórí ìfẹ́ àwọn ọmọ ọdún 17, 18, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kó ya ojú ọmọbìnrin náà, kó ya irun ẹ̀, kó ya ẹyinjú tó ń dán, kó wá gbé e sórí Instagram, àwọn èèyàn á ní "ó rẹwà o", ibẹ̀ náà sì ni ìwé ọ̀hún máa kú sí. Ojú tó rẹwà ò lè gbé odindi ìwé o jàre. Bí èèyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó sì parí ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níbí, fún ẹni tó bá lè yàwòrán díẹ̀, tó ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kan tí ò kí ń kú lójijì, tó sì gbọ́ Yorùbá débi tó lè fi sẹ́nu àwọn ọmọ tó ń yà kó má dà bí ìwé ìròyìn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan òyìnbó ni. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960 làwọn òbí wa ti ń ka Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó jẹ́ pé fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé ni wọ́n tò sínú ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí kálukú ń sọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lédè Yorùbá. Ojú wa ti mọ́ ọn tipẹ́, àwa náà la ò yà á fáwọn ọmọ ìsinsìnyí tó bó ṣe yẹ.

Ẹ wá wàhálà fún ọmọbìnrin inú ìtàn yín kẹ́ ẹ tó wá bọ̀bọ́ fún un

Irú ìtàn yìí, nǹkan méjì ló so pọ̀, ọmọ kan ń kúrò lọ́mọdé, ó sì tún pàdé ẹnì kan tó ń mú kí àyà ẹ̀ máa já. Ti àkọ́kọ́ yẹn ló wúwo jù, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá kọjá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìtàn yín dúró, ẹ yọ ọmọkùnrin yẹn kúrò nínú ẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ wá wò ó, ṣé ọmọbìnrin yẹn ṣì ní nǹkan tó fẹ́ ṣe láàárọ̀ Mọ́ńdè, ṣé ẹnì kan ṣì ń bínú sí i nílé, ṣé ìpinnu kan ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ tí ẹlòmíì ò lè bá a ṣe? Tó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe yọ bọ̀bọ́ báyìí ni gbogbo ẹ̀ wó lulẹ̀, a jẹ́ pé ẹ ò tíì ní ìtàn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí màá máa lò títí. Àṣàbí, ọmọ ọdún 17, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Màmá àgbà yìí wà lára àwọn tó ṣì ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sórí aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní lè mú un, ibẹ̀ á wà ní funfun. Àmọ́ ojú màmá ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, oníbàárà kan wá gbé iṣẹ́ Ìbàdàndùn ńlá kan fún wọn, bátànì tó ní àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, tó jẹ́ pé tí ìlà ẹ̀ bá wọ́ báyìí gbogbo ayé ló máa rí i. Àṣàbí nìkan ló lè yà á nínú ilé yẹn. Àṣàbí ẹ̀wẹ̀ ń dúró de rísọ́ọ̀tì JAMB, ọkàn ẹ̀ ti dé Èkó, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ aró mọ́. Ẹ rí i báyìí, a ò tíì dárúkọ ọkùnrin kankan, ìtàn sì ti ń lọ.

Ẹ wá fi Dìran kún un, ọmọ ọdún 18, tó ń fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá bàbá ẹ̀ kó ẹrù fáwọn ọlọ́jà lọ́jọ́ Sátidé, tó ń tún WAEC ṣe níkọ̀kọ̀ torí bàbá ẹ̀ ti ní kó gbàgbé ìwé kó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Iṣẹ́ Dìran nínú ìtàn ni pé kó jẹ́ kí ìpinnu Àṣàbí le sí i. Òun kọ́ ló máa wá yanjú ẹ̀ o. Bí Dìran bá lọ rówó níbì kan tó wá fi bá wọn wá ẹni tó máa ya àdìrẹ, ẹ ti gba ìwé lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn nìyẹn, ó ti di ìwé Dìran.

Nǹkan kan kù tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wá kẹ́ ẹ tó mú pẹ́ńsùlù. Àwòrán la fẹ́ fi sọ̀rọ̀, torí náà ìtìjú ọmọ yìí gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa jókòó sí tí ojú lè rí. Ti Àṣàbí, ọwọ́ ẹ̀ ni. Aró ti mọ́ ọn lọ́wọ́ títí dé ọrùn ọwọ́ torí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó ń lò ti ya, bó ṣe wù kó fọ̀ ọ́ tó kì í lọ. Ní lẹ́sìnnì ó máa ń ki ọwọ́ bọ àpò, ní ṣọ́ọ̀ṣì ó máa ń fi Bíbélì bò ó. Bẹ́ ẹ bá ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìdajì ìwé ti tán, torí ẹ ò ní nílò kó máa sọ pé "ojú ń tì mí" lójú ìwé kankan.

Bí ìfẹ́ ṣe ń rìn láàárín àwọn ọmọ wa

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọmọ ọdún 17 ò lè dúró sẹ́nu géètì kó máa di ọkùnrin lọ́wọ́ mú, ìròyìn á ti délé kóun fúnra ẹ̀ tó délé. Àwáwí ni ìfẹ́ ń gbé nílẹ̀ wa. Wọ́n rán mi níṣẹ́, mo wá dá kúlà tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá padà, mo fẹ́ fi fóònù gba iná torí ilé wa ò ní iná, mo fẹ́ yá nóòtù Biology. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ kọ gbogbo àwáwí táwọn ọmọ méjèèjì lè fi ríra wọn sórí bébà, kẹ́ ẹ tò ó látorí èyí tó ṣeé gbà gbọ́ dé èyí tí ò ṣeé gbà gbọ́ mọ́ rárá, àtòsílẹ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlàyé orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín. Ọjọ́ tí àwáwí bá tán, tí Dìran wá láìgbé ẹrù kankan dání, tó kàn dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tí ò mọ ohun tó máa sọ, ọjọ́ yẹn ló ti sọ ọ́.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù, tí mi ò kí ń fi bẹ́ẹ̀ rí káwọn èèyàn lò, ni bí wọ́n ṣe ń pera wọn. Dìran fi ọdún kan ju Àṣàbí lọ, wọn ò sì mọra wọn rí, torí náà "Brọ̀dá" àti "ẹ" ni Àṣàbí máa kọ́kọ́ fi bá a sọ̀rọ̀, ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ ṣé, ó dàbọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ojú ìwé tó pọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n á jà lórí nǹkan tí ò tó nǹkan, ó lè jẹ́ pé Dìran gbàgbé ìdì aṣọ kan sójò, inú á bí Àṣàbí, á ní "kí ló dé tó ò bò ó?" Òun fúnra ẹ̀ á gbọ́ "o" yẹn lẹ́nu ara ẹ̀. Dìran náà á gbọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ nǹkan kan nípa ẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn "Brọ̀dá" ti lọ nìyẹn. Ẹ fún ìyẹn ní odindi ojú ìwé kan, ẹ má wulẹ̀ há a mọ́ igun. Òǹkàwé Yorùbá máa pariwo níbẹ̀ ju ibi tẹ́ ẹ bá ya ìfẹnukonu sí lọ, mo fi dá yín lójú.

Bákan náà ni ìkíni. Tí Dìran bá kọ́kọ́ dé, "ẹ káàsán mà" tí gbogbo èèyàn ń kí gbogbo èèyàn ló máa kí màmá àgbà, màmá á dáhùn wẹ́rẹ́, wọn ò ní gbójú sókè. Nígbà tó bá yá, tó ti bi ẹnì kan léèrè, á wọlé lọ́jọ́ kan, á dọ̀bálẹ̀, á ní "Àrẹ̀dú o!" bí wọ́n ṣe ń kí aláró látilẹ̀ wá. Ẹ ya ojú màmá lásìkò yẹn. Ẹ̀rín yẹn ṣiṣẹ́ ju kí màmá wá jókòó ti Àṣàbí kó máa sọ fún un pé ọmọ dáadáa lọmọ yẹn.

Ẹ tún nílò alárinà. Láyé àtijọ́ alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, ní kọ́míìsì ó tún ní iṣẹ́ mìíì, ó ń jẹ́ kí Àṣàbí rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ má bàa máa kọ èrò ọkàn ẹ̀ jọ gègèrè sórí àwòrán. Ẹ fún un ní àbúrò kan, ọmọ ọdún 9, Bùsọ́lá, tí ò lè pa àṣírí mọ́. Àwọn baba wa máa ń fi owó ẹyọ pàrokò, ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ ránṣẹ́ túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ, tẹ́nì kejì bá gbà, á fi mẹ́jọ dá a lóhùn pé bó ṣe rí lára ẹ ló ṣe jọ rí lára mi, tí ẹyọ méjì bá kọjú síra, ó dáa, tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé nìyẹn. Dìran gbọ́ nípa ẹ̀ ní kíláàsì, kò rówó ẹyọ, ó wá fi súìtì mẹ́fà rán Bùsọ́lá. Bùsọ́lá jẹ ọ̀kan lọ́nà. Márùn-ún ló délé, Àṣàbí ń kà á síwá sẹ́yìn kò mọ ohun tó ń jẹ́ márùn-ún, màmá àgbà wo súìtì, wọ́n wo ẹnu Bùsọ́lá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ojú ìwé mẹ́ta gbáko nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ló máa wà níbẹ̀.

Ẹ máa rántí ọjọ́ orí wọn o. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà tọdún 2003 sọ pé ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, torí náà ìhòòhò àti ọ̀rọ̀ ibùsùn ò sí nínú ìwé yìí rárá, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ ò ní pàdánù nǹkan kan. Ọwọ́ méjì tó fẹ́ kanra wọn lórí aṣọ tí wọ́n jọ ń ká, tó wá dúró díẹ̀ kó tó kan, ìyẹn ti tó láti mú kéèyàn di ìmí mú. Ẹ má sì fi ìgbéyàwó parí ẹ̀, ọmọ ọdún 17 tó ń lọ sílé ọkọ, ìtàn mìíì nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé Àṣàbí lọ sí yunifásítì, Dìran yege WAEC, ọ̀kan wà l'Ékòó ọ̀kan wà l'Ábẹ́òkúta, a ò mọ bó ṣe máa já sí, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bí ojú ìwé kan ṣe ń rí kí wọ́n tó yà á

Ẹ má yà á tààràtà láti inú ọpọlọ yín. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ bí eré, páńẹ́ẹ̀lì (ìyẹn àpótí àwòrán) kan lẹ́yìn èkejì, ohun tí ojú ń rí àti ohun tí ẹnu ń sọ. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin sí mẹ́fà lójú ìwé kan ti tó fún irú ìtàn báyìí, tó bá ti ń di mẹ́sàn-án, kò ní sí ààyè fún ojú àti ọwọ́ tá a wá torí ẹ̀. Bí ìpàdé àkọ́kọ́ Àṣàbí àti Dìran ṣe lè rí rèé:

Ojú ìwé 23.
Páńẹ́ẹ̀lì 1, èyí tó fẹ̀ jù. Iwájú ṣọ́ọ̀bù n'Ítòkú, àdìrẹ so rọ̀ lókè títí, Màrúwá dúró, Dìran ń sọ ìdì aṣọ funfun kalẹ̀. DÌRAN: Ẹ kú ọjà o. Ṣé ibí ni wọ́n ní kí n gbé e wá?
Páńẹ́ẹ̀lì 2. Àṣàbí lẹ́yìn tábìlì, ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́yìn ẹ̀. ÀṢÀBÍ: Ibí ni. Ẹ gbé e síbẹ̀.
Páńẹ́ẹ̀lì 3. Dìran nawọ́ owó sí i. DÌRAN: Ṣéńjì màmá rèé.
Páńẹ́ẹ̀lì 4, kékeré. Ọwọ́ Dìran àti owó yẹn nìkan. Kò sọ́rọ̀.
Páńẹ́ẹ̀lì 5. Ojú Àṣàbí, ó ń wo ilẹ̀. ÀṢÀBÍ: Ẹ fi lé orí tábìlì.

Ojú ìwé 24, àwòrán kan ṣoṣo. A wà lẹ́yìn Àṣàbí báyìí. Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ló kún iwájú wa, aró ti sọ ọ́ di búlúù dé ọrùn ọwọ́, ó fi ọ̀kan di èkejì mú pinpin. Lọ́ọ̀ọ́kán, Dìran ń lọ síbi Màrúwá ẹ̀, ó rò pé ọmọ yìí fojú di òun. Kò sọ́rọ̀.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìfẹ́ níbẹ̀, ìkíni kan àti ọ̀rọ̀ owó lásán ni, àmọ́ òǹkàwé ti mọ ohun tí Dìran ò mọ̀, ó sì fẹ́ kó mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló máa jẹ́ kó máa kà á lọ. Ẹ tún wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, nọ́ńbà tí ò ṣeé pín sí méjì máa ń wà lápá ọ̀tún, èyí tó ṣeé pín sí méjì á wà lápá òsì, torí náà 23 lọ̀tún, èèyàn gbọ́dọ̀ ṣí i kó tó rí 24. Nǹkan tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ká òǹkàwé lára lójijì, apá òsì ni kẹ́ ẹ máa fi sí, tó bá wà lápá ọ̀tún, ojú á ti jí i rí kó tó débẹ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ ya gbogbo orí kìíní ní kékeré, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ju páálí ìṣáná lọ, èèyàn onígi lásán ni, róbótó fún orí, ìlà fún ara. Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i pé ojú ìwé mẹ́ta tẹ̀léra tí gbogbo wọn jẹ́ orí méjì tó ń sọ̀rọ̀ nìyí, kó tó pẹ́ jù. Ẹ máa pààrọ̀ ibi tí ojú wà, lọ sókè, lọ sẹ́yìn, lọ síbi ẹsẹ̀. Àmọ́ tí Àṣàbí bá wà lápá òsì tí Dìran wà lápá ọ̀tún nínú ọ̀rọ̀ kan, ẹ má ṣàdédé gbé wọn yípo láàárín ọ̀rọ̀ yẹn láìjẹ́ pé ẹnì kan rìn, òǹkàwé á sọnù.

Orí kìíní tó tó ojú ìwé 24 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ ya 200 lẹ́ẹ̀kan náà.

Yíyà gan-an àti àwọ̀

Ẹ jẹ́ káwọn èèyàn yín yàtọ̀ síra débi pé téèyàn bá rí òjìji wọn nìkan á mọ ẹni tó jẹ́. Àṣàbí rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń káwọ́ mọ́ra, Dìran gùn, kì í mọ ibi tó máa fi apá sí, màmá àgbà rí kúḿbọ́, gèlè wọn tóbi ju orí lọ. Ọwọ́ ló ṣòro yà jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọwọ́ la sì fi gbogbo ìwé yìí lé, torí náà ẹ máa ya ọwọ́ ara yín lójoojúmọ́, ọwọ́ tó di nǹkan mú, ọwọ́ tó ń fún aṣọ, ọwọ́ tó fẹ́ gbé nǹkan tí ò gbé e.

Ẹ má ya ọjà náà láti inú ọpọlọ yín. Ẹ lọ síbẹ̀. Ọ̀nà tó gba Ìtòkú kọjá, bí páànù ṣe dípẹtà, bí wọ́n ṣe ń ká àdìrẹ lé ara wọn, ibi tí oòrùn ń gbà wọlé láàárín aṣọ tó so rọ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ọmọ Abẹ́òkúta fi máa mọ̀ pé ẹ débẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni, ẹ kí wọn, ẹ tọrọ àyè, ẹ ra nǹkan díẹ̀. Aládìrẹ ò kí ń fẹ́ kí wọ́n dédé máa ya bátànì òun, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọ̀, ẹ má da gbogbo àwọ̀ ayé sí i. Ìtàn yìí fúnra ẹ̀ ti sọ àwọ̀ tó ń fẹ́, búlúù aró àti funfun bébà, pẹ̀lú búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan fún òjìji. Ó rẹwà, ó sì tún dín ìnáwó kù, torí ní ẹ̀rọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń fi àwo ìtẹ̀wé tẹ̀wé, íńkì kan ṣoṣo ni wọ́n máa lò dípò mẹ́rin, búlúù tí wọ́n pò sílẹ̀ á rọ́pò dúdú, ẹyọ àwo ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa lò. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ dígítà, èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ tààràtà látorí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fẹ́ lò, ìyẹn ò ní ràn yín lọ́wọ́ o, wọ́n á kà á sí iṣẹ́ aláwọ̀ ni. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó pinnu.

Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà, Krita tí wọ́n fi ń yàwòrán wà lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí fóònù, ibisPaint àti MediBang ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Procreate dùn àmọ́ iPad àti iPhone nìkan ló wà fún. Pẹ́ńsùlù àti báyírò náà ò burú, bébà A4 ni kẹ́ ẹ lò, torí tí wọ́n bá dín A4 kù sí A5 ó máa bá a mu rẹ́gí, kò ní sí ibi tí wọ́n máa gé dànù.

Ọ̀rọ̀ inú bàlúùnù, ibi tí Yorùbá ti máa ń jìyà

Bàlúùnù ni àyíká róbótó tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn sí. Wàhálà tó wà níbí, àwọn tó ń kọ kọ́míìsì lóyìnbó ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn fọ́ǹtì kọ́míìsì (ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò) tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní ṣ, wọn ò sì lè gbé ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀ àti ẹ̀ pẹ̀lú àmì orí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa kọ "ọ̀rọ̀", á gbé àmì yẹn sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò ẹ̀. Ẹ dán fọ́ǹtì wò kẹ́ ẹ tó nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Andika, Charis, Gentium àti Noto Sans gbé àmì Yorùbá dúró, Andika ló sún mọ́ ìkọ̀wé ọwọ́ jù nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó ṣeé kà, ẹ fọwọ́ kọ ọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju fọ́ǹtì lọ. Lórí fóònù, Gboard ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.

Àwọn òyìnbó sábà máa ń fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ ọ̀rọ̀ kọ́míìsì. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ lẹ́tà ńlá tó ní àmì lókè tó tún ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ á máa gbá ìlà tó wà lókè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀, torí náà ẹ fi àlàfo sí àárín ìlà ju bí kọ̀ǹpútà ṣe fún yín lọ. Lẹ́tà kékeré ló rọrùn jù fún wa.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bàlúùnù tiẹ̀ ló máa wà lókè lápá òsì, kódà tí ẹni yẹn fúnra ẹ̀ bá dúró lápá ọ̀tún, ìrù bàlúùnù á gùn lọ bá a. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú bàlúùnù kan ju 20, 25 lọ. Ohun tó máa ń fa ọ̀rọ̀ gígùn fún wa ni pé a máa ń fẹ́ kí gbogbo èèyàn kíra tán, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ mú ìkíni kan ṣoṣo tó sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ síra wọn, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ bí ọmọ Abẹ́òkúta ìsinsìnyí. Òwe, ti màmá àgbà ni, ọmọ ọdún 17 tó ń pòwe ní gbogbo ojú ìwé, mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí.

Orí fóònù tàbí orí bébà

Ẹ ti gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ orí fóònù bí irú ti WEBTOON, ìkànnì tí wọ́n ti ń ka kọ́míìsì, ìwọ̀n písẹ̀lì 800 ní ìbú ni wọ́n sábà ń lò, òǹkàwé á máa fi ìka yí i sókè, kò sí pé ẹnì kan ń ṣí ìwé mọ́, torí náà ojú ìwé 24 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn máa yí padà. Ẹ máa fi àlàfo funfun gígùn sáàárín "ẹ fi lé orí tábìlì" àti ọwọ́ búlúù yẹn, bí àlàfo bá ṣe gùn tó ni àsìkò ṣe pẹ́ tó.

Tó bá jẹ́ bébà, A5 jẹ́ 148 × 210 mm, ẹ fi 3 mm kún etí gbogbo ẹ̀ níbi tí àwòrán bá dé etí, torí ọ̀bẹ atẹ̀wé ò kí ń tẹ̀ síbì kan náà lójoojúmọ́, ẹ má sì jẹ́ kí bàlúùnù sún mọ́ etí tàbí àárín tí wọ́n fẹ́ rán. Àwòrán aláwọ̀, 300 dpi (ìyẹn iye àmì kékeré tó wà nínú íǹṣì kan), ìlà dúdú lásán, 600. Iye ojú ìwé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin tó bá jẹ́ pé pínnì ni wọ́n fẹ́ fi dè é. Búlúù tó ń tàn lójú fóònù kì í tàn bẹ́ẹ̀ lórí bébà, torí iná ni fóònù ń lò, íńkì ni bébà ń lò. Àwọn atẹ̀wé pọ̀ ní Ṣómólú l'Ékòó, iye owó wọn ò sì dọ́gba, ẹ bi mẹ́ta, mẹ́rin léèrè.

Kẹ́ ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ fún ọmọ bí ọdún 16 kan tí ò mọ̀ yín rí ní orí kìíní, ẹ jókòó sí ọ̀ọ́kán, ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Ibi tó bá ti ṣí ìwé padà sẹ́yìn, bàlúùnù tàbí páńẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ò tò dáadáa, ẹ lọ tún un tò. Ibi tó bá ti yára ṣí kọjá, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gbé PDF lọ fún atẹ̀wé, kẹ́ ẹ san ìdajì owó, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo fún yín wò lójú oòrùn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìyókù.